Nígbà Tí PubMed Bá Ní Kò Sí

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Òótọ́ ni, bó bá ṣe pé ènìyàn la béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ènìyàn á wo ojú ẹni, á ní, "Àbí Dùgbẹ̀ lẹ ń wí?" Àká ìmọ̀ tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í wo ojú ẹnikẹ́ni. Ohun tí a bá tẹ̀ sínú rẹ̀ ló ń dá lóhùn, ohun tó wà lọ́kàn wa kò kàn án. Bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bá ti dí i lọ́wọ́ nínú ohun tí a tẹ̀, á ní òun kò rí èsì kankan, á sì dákẹ́.

Ọ̀pọ̀ òǹkàwé á gbà pé kò sí lóòótọ́. Òmíràn á yí ọ̀rọ̀ kan padà, á tún tẹ̀ ẹ́, á tún yí òmíràn padà, títí tí yóò fi sú u. Olùtọ́jú ilé-ìkàwé ìṣègùn tó gbọ́ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá jókòó tì í á kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé ọwọ́ rẹ̀ kì í yá sí bọ́tìnnì. Ó máa ń kà. Òdo tí ẹlòmíràn rí tó sì fòyà, ó gbà pé àlàyé wà nídìí rẹ̀, ó sì mọ ibi tí wọ́n kọ àlàyé náà sí. Iṣẹ́ yìí wà lára àwọn iṣẹ́ tí kì í lórúkọ: bí èsì bá ti jáde, akẹ́kọ̀ọ́ á dúpẹ́, á gba ilé lọ, kò ní béèrè bí wọ́n ṣe ṣe é. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni mo fẹ́ sọ.

Àká tí mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ ni PubMed, tí ilé-ìkàwé ìṣègùn ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní Bethesda, ìpínlẹ̀ Maryland, ń tọ́jú. Gbòǹgbò rẹ̀ jìn. Lọ́dún 1879, dókítà ológun kan tó ń jẹ́ John Shaw Billings bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Index Medicus jáde, ìwé tó ń to àkòrí àpilẹ̀kọ ìṣègùn lẹ́sẹẹsẹ kí dókítà lè mọ ohun tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ àti jọ́nà tó kọ ọ́ sí. Lọ́dún 1960 wọ́n gbé MeSH kalẹ̀, àkójọ orúkọ tí àwọn olùtọ́jú ilé-ìkàwé fohùn ṣọ̀kan lé lórí, kí àìsàn kan má baà tú káàkiri lábẹ́ orúkọ mẹ́wàá. Kọ̀ǹpútà wọnú iṣẹ́ náà lọ́dún 1964, PubMed dé lọ́dún 1996, nígbà tó sì di 1997 wọ́n ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Àkọsílẹ̀ tó wà níbẹ̀ báyìí ti ju mílíọ̀nù 37 lọ. Síbẹ̀, kò sí ohun tó rọrùn tó kéèyàn gba òdo lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú irú ọ̀ràn tó wọ́pọ̀ jù ní ilé-ìkàwé ìṣègùn yálà ní Ìbàdàn, ní Ifẹ̀ tàbí ní Èkó. Nọ́ọ̀sì kan tó ń kàwé másítà fẹ́ mọ ohun tí àwọn ìyá mọ̀ nípa hydroxyurea, oògùn tí wọ́n ń fún ọmọ tó ní àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde, èyí tí gbogbo wa ń pè ní sickle cell. Ó da àkòrí prọ́jẹ́ẹ̀tì rẹ̀ látòkè délẹ̀ sínú àpótí ìṣàwárí: "Knowledge, attitude and practice of mothers of children with sickle cell disease towards the use of hydroxyurea in a tertiary hospital in Ibadan, Oyo State, Nigeria". PubMed ní kò sí.

"Mà, wọn ò tíì ṣe irú ìwádìí yìí rí o," ni nọ́ọ̀sì wí. Inú rẹ̀ tilẹ̀ ń dùn díẹ̀, nítorí súpáfáísọ̀ ti ní kó lọ wá àlàfo tí ẹnikẹ́ni kò tíì dí.

"Ẹ ní sùúrù ná," ni màmá tó ń tọ́jú ilé-ìkàwé dá a lóhùn. "Kí lẹ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ gan-an?"

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Bí a bá to ọ̀rọ̀ tẹ̀lé ara wọn láìfi nǹkan kan sí àárín wọn, PubMed á fi AND so wọ́n pọ̀, ìyẹn ni pé àkọsílẹ̀ tí yóò jáde gbọ́dọ̀ ní gbogbo wọn pátápátá. Ó dà bí ìgbà tí a rán ọmọ lọ sọ́jà pé kó ra ata, iyọ̀, epo, irú, ẹja àti ọṣẹ, a wá fi kún un pé bí kò bá rí gbogbo rẹ̀ lórí àtẹ ẹnì kan ṣoṣo, kó má ra ohunkóhun bọ̀. Ọmọ á padà wálé lọ́wọ́ òfo, ata á sì kún ọjà. Àkòrí nọ́ọ̀sì yìí ní ju ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì lè dá pa gbogbo ìbéèrè náà.

Màmá ilé-ìkàwé á mú bírò, á kọ àkòrí náà sórí ìwé, á sì fa ìlà sábẹ́ nǹkan mẹ́rin péré: àrùn náà, oògùn náà, àwọn ìyá, Nàìjíríà. Ó fi "tertiary" sílẹ̀, ó fi "State" sílẹ̀, ó fi "use" sílẹ̀. Ó fi Ibadan pàápàá sílẹ̀, nọ́ọ̀sì sì fẹ́ bá a jiyàn lórí ìyẹn. Ìdáhùn rẹ̀ kúrú: ohun tí àwọn ìyá ní Kánò tàbí ní Enugu sọ wúlò fún ẹni tó fẹ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn ti Ìbàdàn, orúkọ Ìbàdàn nínú àkọsílẹ̀ sì lè jẹ́ àdírẹ́sì òǹkọ̀wé lásán, kó má jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìwádìí. Nínú gbogbo ohun tó ń ṣe, fífa ìlà yìí ló jọ pé ó rọrùn jù, òun ló sì le jù. Ẹni tí kò mọ ohun tí ìwádìí náà dá lé kò lè mọ ọ̀rọ̀ tí yóò yọ.

Lẹ́yìn èyí ni ó ṣí ojú ewé tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé kò ṣí rí, èyí tí wọ́n pè ní Advanced. Gbogbo ìṣàwárí tí a ti ṣe láti òwúrọ̀ ló wà níbẹ̀, wọ́n ní nọ́ńbà, iye èsì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan mú wá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èyí tó tún ṣe pàtàkì jù ni àmì kékeré kan tó jẹ́ pé, bí a bá tẹ̀ ẹ́, PubMed á sọ ohun tí òun gbọ́. A kọ "sickle cell disease", ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Nínú ohun tó gbọ́, ọ̀rọ̀ mẹ́ta náà ti di ìlà gígùn: ó ti dá àìsàn náà mọ̀, ó ti so ó mọ́ orúkọ tí MeSH fún un, "Anemia, Sickle Cell", ó sì ti fi OR so oríṣiríṣi ọ̀nà tí àwọn òǹkọ̀wé ń gbà kọ ọ́ mọ́ ọn. Hydroxyurea náà rí bẹ́ẹ̀. Ìlú Ọba ń pe oògùn yìí ní hydroxycarbamide, MeSH sì mọ̀ pé oògùn kan náà ni. Àwa tí a fi Gẹ̀ẹ́sì Ìlú Ọba kàwé ń kọ anaemia, paediatric, haemorrhage. Amẹ́ríkà ń kọ anemia, pediatric, hemorrhage. Ìtumọ̀ abẹ́lẹ̀ yìí ló ń bá wa là á já, a kò tilẹ̀ mọ̀.

Ó kan jẹ́ pé àwa fúnra wa máa ń pa ìtumọ̀ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti lọ sí wọ́kíṣọ́ọ̀bù kan ló sábà ń ṣe é. Wọ́n ti kọ́ ọ pé kó fi àmì àyọlò há ọ̀rọ̀ mọ́ kó lè rí ohun tó ń wá gan-an, ó sì há "paediatric sickle cell anaemia" mọ́. Bí àmì àyọlò bá ti dé, PubMed kò ní túmọ̀ mọ́. Ohun tí a kọ gan-an ni yóò máa wá. Àmì ìràwọ̀ tí a fi ń gé ìdí ọ̀rọ̀ ń ṣe bákan náà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn lẹ́tà kéékèèké tí a ń há sínú àkámọ́ láti sọ pé kó wá inú àkòrí nìkan tàbí orúkọ òǹkọ̀wé nìkan. Irinṣẹ́ tó mú ni gbogbo wọn. Olùtọ́jú ilé-ìkàwé ń lò wọ́n lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n kì í lò wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀. Á kọ́kọ́ jẹ́ kí PubMed túmọ̀ ọ̀rọ̀ bó ṣe mọ̀ ọ́n, á ka ìtumọ̀ náà, ìgbà yẹn ni yóò tó mọ ibi tó yẹ kó ti gba ìjánu lọ́wọ́ rẹ̀.

Nǹkan mìíràn tún wà tí ojú rẹ̀ kì í fò. Bí PubMed kò bá rí gbólóhùn tí a há mọ́ inú àmì àyọlò nínú àkójọ gbólóhùn tirẹ̀, ó máa ń kọ ọ́ sókè ojú ewé pé òun kò rí i. Ìkìlọ̀ náà wà gedegbe lókè níbẹ̀. Òǹkàwé á fò ó lọ wo èsì. Olùtọ́jú ilé-ìkàwé á ka ìkìlọ̀ kó tó wo èsì.

Ní báyìí, ó tún ìbéèrè náà kọ, ṣùgbọ́n kò kọ ọ́ pa pọ̀. Ìlà kan fún àrùn náà. Ìlà kan fún oògùn. Ìlà kan fún àwọn ìyá. Ìlà kan fún Nàìjíríà. Ó ń wo nọ́ńbà ọ̀kọ̀ọ̀kan kó tó bọ́ sí èyí tó kàn. Àrùn náà nìkan mú ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá wá. Ìlà yẹn wà láàyè. Oògùn náà wà láàyè. Ó so méjèèjì pọ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà wọn, àkọsílẹ̀ ṣì pọ̀ yanturu. Ó so Nàìjíríà mọ́ ọn, ó kù díẹ̀ tí ènìyàn lè jókòó kà. Ó so àwọn ìyá mọ́ ọn, nọ́ńbà já lulẹ̀. Kò tíì dárò. Ó ti rí ibi tí okùn ti já.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ "mothers" fi ń pa ìbéèrè? Nítorí pé àwọn tó ń ṣe irú ìwádìí yìí kì í sábà pè wọ́n ní ìyá. Wọ́n á kọ "parents", wọ́n á kọ "caregivers", wọ́n á kọ "guardians", nítorí pé lọ́jọ́ tí wọ́n lọ sí kílíníìkì, bàbá ló gbé ọmọ kan wá, ìyá àgbà ló gbé òmíràn wá. Nínú MeSH, orúkọ ń jókòó lé orí ara wọn bí ìdílé: "Parents" wà lókè, "Mothers" àti "Fathers" wà lábẹ́ rẹ̀. Bí a bá béèrè ti òkè, PubMed á kó ti ìsàlẹ̀ mọ́ ọn. Bí a bá béèrè ti ìsàlẹ̀, kò ní gòkè. Nọ́ọ̀sì béèrè láti ìsàlẹ̀. Màmá ilé-ìkàwé gun àkàbà náà ní ẹsẹ̀ kan, ó fi OR so "caregivers" mọ́ "parents", ó fi àkámọ́ ká wọn mọ́ kí OR má baà ṣáko lọ bá àwọn ìlà yòókù, ó sì tún un tẹ̀. Òdo kúrò.

Ọgbọ́n kan náà ló wà lórí orílẹ̀-èdè. Bí Nàìjíríà bá mú díẹ̀ jù wá, "Africa, Western" wà lókè rẹ̀, Benin, Tógò àti Gánà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ó sì tún ní nǹkan kan nípamọ́. Gbólóhùn tí gbogbo ènìyàn rò pé ó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn tó ń kọ prọ́jẹ́ẹ̀tì lásán, "knowledge, attitude and practice", ní ìjókòó tirẹ̀ nínú MeSH gẹ́gẹ́ bí orúkọ kan ṣoṣo: "Health Knowledge, Attitudes, Practice". Ó fi í pa mọ́ di ìgbà tí èsì bá pọ̀ jù, kó lè fi í dín wọn kù. Síbẹ̀ kò gbẹ́kẹ̀ lé MeSH nìkan. Kì í ṣe gbogbo jọ́nà tó wà nínú PubMed ni wọ́n fún ní orúkọ MeSH; àwọn àkọsílẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí kò ní ju àkòrí àti àṣàmọ̀ lọ. Ẹni tó bá wá orúkọ MeSH nìkan kò ní rí wọn láéláé. Nítorí náà, nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, ó máa ń kọ orúkọ MeSH, á fi OR sí i, á sì kọ ọ̀rọ̀ lásán tó yẹ kó wà nínú àkòrí tàbí àṣàmọ̀.

Nígbà mìíràn, ẹ̀ṣẹ̀ náà kò sí nínú ọ̀rọ̀ rárá. Ìbéèrè dára, ìtumọ̀ rẹ̀ dára, òdo náà kò sì yí padà. Ìgbà yẹn ni yóò béèrè ohun tó jọ pé kò kan ọ̀rọ̀: "Ta ló lo kọ̀ǹpútà yìí kẹ́yìn?" Fílítà tí a bá yàn nínú PubMed kì í kúrò bí a ṣe ń béèrè nǹkan mìíràn, ó ń bá ìṣàwárí tó tẹ̀ lé e lọ títí ẹnì kan yóò fi pa á rẹ́. Ẹni tó jókòó síbẹ̀ láàárọ̀ lè ti yan ọdún kan péré, tàbí ìwádìí lára ẹranko, tàbí àpilẹ̀kọ lédè Faransé. Ó ti dìde lọ, fílítà rẹ̀ ṣì jókòó. Ní ilé-ìkàwé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń lo ẹ̀rọ kan náà, ojú tó bá mọ̀ ọ́n á ti wo apá òsì ojú ewé kó tó sọ̀rọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ NOT, tí ó yẹ kéèyàn máa fọwọ́ ẹ̀rọ̀ mú. Akẹ́kọ̀ọ́ kan kò fẹ́ ìwádìí lára eku, ó bá kọ NOT animals. Ó rò pé eku lòun lé jáde. Àpilẹ̀kọ tó sọ̀rọ̀ nípa eku àti ènìyàn pa pọ̀ bá a lọ, nínú MeSH sì rèé, abẹ́ ẹranko ni wọ́n fi ènìyàn sí. Ìlà kan ṣoṣo ti gbá ilé mọ́ tónítóní. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ń kọ ọ́ ní ìdàkejì: kí wọ́n yọ ẹranko tí kò bá ènìyàn rìn, kí wọ́n fi èyí tó bá ènìyàn rìn sílẹ̀. NOT méjì ni wọ́n ń kọ́ sínú ara wọn láti rí i ṣe, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ rí i á rò pé àṣìkọ ni.

Ọ̀rọ̀ orúkọ òǹkọ̀wé kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ẹnì kan ń wá iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ̀ àtijọ́, PubMed ní òun kò mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Olùtọ́jú ilé-ìkàwé tó jẹ́ ọmọ Yorùbá mọ ohun tí ẹ̀rọ náà kò mọ̀. Ẹni tó ń jẹ́ Ṣóbándé lè wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Sobande nínú jọ́nà kan, kó jẹ́ Shobande nínú òmíràn. Ẹni tó kọ orúkọ bàbá ṣáájú, bí wọ́n ṣe kọ́ wa níléèwé, lè bá a pé jọ́nà ti sọ Fẹ́mi di orúkọ bàbá, Adébáyọ̀ sì ti di lẹ́tà A kan ṣoṣo. Obìnrin tó ṣègbéyàwó lè ní orúkọ méjì tí ìlà so pọ̀ lẹ́yìn ọdún kan, kó jẹ́ ẹyọ kan ṣáájú rẹ̀. Olùtọ́jú ilé-ìkàwé sì mọ ìtàn àká náà fúnra rẹ̀. Láti ọdún 2002 ni PubMed ti ń kọ orúkọ òǹkọ̀wé ní kíkún bí jọ́nà bá kọ ọ́ ní kíkún. Ṣáájú ìgbà náà, orúkọ bàbá àti lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ ni. Láàárín 1984 sí 1995, òǹkọ̀wé mẹ́wàá péré ni wọ́n ń kọ sílẹ̀ fún àpilẹ̀kọ kan. Ẹni tó bá jẹ́ ìkejìlá nínú iṣẹ́ ńlá kan tó jáde lọ́dún 1990, orúkọ rẹ̀ kò wọlé. Bá a ti lè tẹ orúkọ náà dáadáa tó, a kò ní rí i. Ọ̀rọ̀ inú àkòrí ló yẹ ká fi wá a.

Àwọn mìíràn wà tí kì í ṣí ojú ewé PubMed rárá. Wọ́n á kọ ètò kọ̀ǹpútà tí yóò máa bá a sọ̀rọ̀ ní tààrà, gba ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní E-utilities, kó lè fi alẹ́ ọjọ́ kan béèrè ohun tí ènìyàn yóò fi oṣù kan béèrè. Níbí, òdo ní ìdí mìíràn. Ètò tí kò bá ní kọ́kọ́rọ́ ìdánimọ̀ kò gbọdọ̀ béèrè ju ìgbà mẹ́ta lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tó bá ní, ìgbà mẹ́wàá. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ìkìlọ̀ ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ dípò èsì. Bí ẹni tó kọ ètò náà kò bá kọ́ ọ bí yóò ṣe dá ìkìlọ̀ mọ̀, ètò á wá èsì nínú ìkìlọ̀, kò ní rí i, á sì kọ òdo sílẹ̀. PubMed ní òun kò tíì dáhùn. Ètò ní kò sí. Bákan náà ni ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí: méjèèjì ló gbọ́dọ̀ wọlé pa pọ̀, ẹni tó bá fi ọ̀kan sílẹ̀ kò mọ ohun tí òun béèrè. Ohun tí ọ̀jáfáfá ń ṣe rọrùn débi pé ó fẹ́ máa pani lẹ́rìn-ín. Á mú àdírẹ́sì tí ètò náà fi ránṣẹ́, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú íntánẹ́ẹ̀tì bí ẹni ń ṣí ojú ewé lásán, á sì fi ojú ara rẹ̀ ka ohun tí PubMed sọ. Nínú ìdáhùn yẹn ni PubMed ti ń ka ọ̀rọ̀ tí kò rí lọ́kọ̀ọ̀kan.

A lè béèrè pé kí ló dé tí gbogbo wàhálà yìí fi tó bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2001, ní Yunifásítì Johns Hopkins ní Baltimore, ọ̀dọ́mọbìnrin ẹni ọdún 24 kan yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún ìwádìí lórí ikọ́ fée. Ara rẹ̀ le. Wọ́n ní kó fa oògùn kan tó ń jẹ́ hexamethonium símú, oògùn náà ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́, ó sì kú. Nígbà tí wọ́n tú ọ̀rọ̀ náà wò, ó hàn pé wọ́n ti wá inú PubMed ṣáájú ìwádìí náà. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn, ọdún 1966 ni àkọsílẹ̀ PubMed ti bẹ̀rẹ̀, àwọn àpilẹ̀kọ tó sọ ewu tí oògùn náà lè ṣe fún ẹ̀dọ̀fóró sì ti jáde láti àwọn ọdún 1950. Àká náà kò parọ́. Ó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ibi tí ògiri rẹ̀ dé ni wọn kò béèrè.

Lẹ́yìn ìgbà náà, wọ́n ti kó àkọsílẹ̀ láti ọdún 1946 wọlé, ṣùgbọ́n àwọn àkọsílẹ̀ àtijọ́ yẹn kò ní àṣàmọ̀. Láti 1975 ni àṣàmọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí wọlé. Ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ kan nínú iṣẹ́ ọdún 1958, àkòrí nìkan ló ń wá. PubMed kì í sì í wo inú àpilẹ̀kọ fúnra rẹ̀. Àkọsílẹ̀ nípa àpilẹ̀kọ ló ń wò. Bí ọ̀rọ̀ tí a ń wá bá wà ní ojú ewé kẹfà, PubMed Central, àbúrò rẹ̀ tó dé lọ́dún 2000, tó ń tọ́jú àpilẹ̀kọ lódindi, ló lè mọ̀ ọ́n.

Ògiri mìíràn tún wà, tí ó sún mọ́ wa ju ti ọdún lọ. Ọ̀pọ̀ jọ́nà ilẹ̀ Áfíríkà ni kò sí nínú PubMed. Ẹni tó ń wá ohun tí wọ́n ti kọ nípa ewúro, tó sì ti gba òdo, á kọ́kọ́ yẹ orúkọ wò: "bitter leaf" ni àbí Vernonia amygdalina, orúkọ tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ lò, tàbí Gymnanthemum amygdalinum, orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko wá fún un lẹ́yìn náà? Bí gbogbo orúkọ bá tán, ó yẹ kó jáde kúrò nínú àká náà lọ sí òmíràn. AJOL, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1998, tí ibùjókòó rẹ̀ sì wà ní Gúúsù Áfíríkà báyìí, jọ́nà Áfíríkà nìkan ló ń kó jọ, ti Nàìjíríà sì pọ̀ níbẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà ní African Index Medicus. Olùtọ́jú ilé-ìkàwé rere mọ ohun tí àká kọ̀ọ̀kan kò ní ju bó ti mọ ohun tó ní lọ.

Kó tó gbà pé ìṣàwárí kan ti pé, ìdánwò kan ṣì kù. Á ní kí nọ́ọ̀sì dárúkọ àpilẹ̀kọ kan tó dá a lójú pé ó wà, tó sì bá ọ̀rọ̀ náà mu, bóyá èyí tí súpáfáísọ̀ fi lé e lọ́wọ́. Á wá a fúnra rẹ̀ nínú PubMed, á gba nọ́ńbà rẹ̀, á sì so nọ́ńbà náà mọ́ ìlà ìṣàwárí tó ti kọ. Bó bá jáde, ó dára. Bí kò bá jáde, àwọ̀n náà ní ihò: á so nọ́ńbà kan náà mọ́ ìlà kọ̀ọ̀kan títí yóò fi rí èyí tí ẹja gbà jáde. Kò sí ìgbéraga kankan nínú iṣẹ́ yìí. Ó ń fi ohun tó mọ̀ dán ohun tó kọ wò.

Ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ pé gbogbo rẹ̀ pé, ìlà kọ̀ọ̀kan wà láàyè, kò sí fílítà, orúkọ tán, àká mìíràn ti dáhùn, òdo náà sì dúró. Mo rò pé ibí ni iṣẹ́ náà ti ń yọ jù, nítorí pé ibí ni ènìyàn ti lè bàjẹ́. Ó rọrùn láti máa fẹ ìbéèrè lójú títí nǹkan kan yóò fi jáde, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè ní ohun tí yóò fi kún ojú ewé. Ó tún rọrùn láti fún nọ́ọ̀sì ní gbólóhùn tó ń fẹ́ láti òwúrọ̀: kò sẹ́ni tó ṣe é rí. Màmá ilé-ìkàwé kò fún un ní ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ó ní kó ṣí ìwé rẹ̀, kó kọ orúkọ àká kọ̀ọ̀kan tí wọ́n wá, ọjọ́ tí wọ́n wá a, ìlà ìṣàwárí bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ gẹ́lẹ́, àmì àyọlò àti àkámọ́ rẹ̀ pẹ̀lú, àti iye tó jáde. Ìlànà PRISMA, tí wọ́n tún ṣe lọ́dún 2020, ń béèrè nǹkan báyìí lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣàkójọ ìwádìí, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ti ń ṣe é kó tó di òfin.

Gbólóhùn tí nọ́ọ̀sì kọ nígbẹ̀yìn kò dùn létí bíi ti àkọ́kọ́. Kò sọ pé kò sẹ́ni tó ṣe é rí. Ó sọ pé nínú àwọn àká báyìí, ní ọjọ́ báyìí, pẹ̀lú àwọn ọ̀rọ̀ báyìí, a kò rí i. Ẹni tó bá fẹ́ já a nírọ́ mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi lè gbà á gbọ́.